Ẹ Bi Wá: variance mi ò pé 50, kí ló dé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fáínáà yíà ni mo wà ní Akoka. Súpáfáísọ̀ mi ní kí n fi R (èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò) ṣe AR(1) àtọwọ́dá, ìyẹn ìlà nọ́ńbà x tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ φ lọ́nà èyí tó ṣáájú ẹ̀, pẹ̀lú nọ́ísì (nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀) lórí ẹ̀. Kí φ ẹ̀ jẹ́ 0.99, kó jẹ́ nọ́ńbà 200, kí variance nọ́ísì ẹ̀ (bó ṣe fọ́n ká tó) jẹ́ 1. Fọ́múlà ìwé ní variance x á jẹ́ bíi 50. Mo kọ lúùpù fúnra mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti òdo, mo tẹ var(x), ó ní 9. Mo tún un rán, ó ní 35, ìkẹta 17. Ọ̀rẹ́ mi ní àfi kí n máa da àwọn nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ nù. Ẹ gbà mí o.
Àbúrò yín l'Akoka

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fọkàn balẹ̀, kóòdù ẹ ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Fọ́múlà náà ò purọ́, 1/(1-0.99^2) jẹ́ 50.25 lóòótọ́.

Ọ̀rẹ́ ẹ rí ibì kan níbẹ̀. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, variance ò ní dédé fò dé 50, ṣe ló máa ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, tó o bá fi máa dé ìgbésẹ̀ 50, bíi 32 ló ṣì wà. Tó bá wá jẹ́ pé 0.999 ni φ, há à, lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 100, ìdá 18 péré nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó yẹ kó jẹ́ ló tíì dé. arima.sim, àṣẹ inú R tó ń ṣe irú ìlà yìí, mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń bá èèyàn da bíi 600 nù fúnra ẹ̀ tó bá ti jẹ́ 0.99. Èmi ò rí ìdí tá a fi ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn fún AR(1) o jàre, kàn mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ látinú normal tí variance ẹ̀ ti jẹ́ 50.25:

x[1] <- rnorm(1, sd = sqrt(1/(1-0.99^2)))

Kò sóhun tó o fẹ́ dà nù mọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n má tíì yọ̀. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀, tó o wá tún var(x) tẹ̀, àfíréèjì ohun tó o máa rí ò ju bíi 22 lọ! Ìdí ni pé var máa ń kọ́kọ́ yọ mean (àfíréèjì àwọn nọ́ńbà ẹ) kúrò, mean yẹn sì ti bá nọ́ńbà ẹ rìn lọ síbi tó ń lọ. Ká ní o dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Third Mainland láàárọ̀, tó ò ń ka mọ́tò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú fún igba ìṣẹ́jú, ṣé igba súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lo rí? Ẹyọ kan náà ni, tó ń fà gbọọrọ. Nọ́ńbà 200 ẹ yìí, tó bá di ọ̀rọ̀ mean, kò tó nọ́ńbà méjì tí kò bára wọn tan.

Tó o bá fẹ́ rí 50 sójú, rán lúùpù yẹn ní ìgbà 5,000, nínú ìkọ̀ọ̀kan mú nọ́ńbà tó kẹ́yìn, x[200], nìkan, kó o wá wá variance gbogbo wọn pa pọ̀. Ohun tí fọ́múlà ń wí nìyẹn, kò sọ̀rọ̀ nípa ìlà kan ṣoṣo.

Ohun kan náà ló máa dà ẹ́ láàmú tó o bá fẹ́ wá φ padà látinú dátà ẹ. Ìwọ lo tẹ 0.99 síbẹ̀ fúnra ẹ, OLS (ọ̀nà ìṣirò tó ń fa ìlà tó bá dátà mu jù) á máa fún ẹ ní bíi 0.97 ní àfíréèjì, tó o bá tún wá gbé e fún tẹ́sìtì Dickey àti Fuller, ti 1979 yẹn, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá unit root ni (ìyẹn φ = 1), ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní wálẹ̀ kọjá -2.86 tó jẹ́ ààlà, á ní òun ò lè sọ pé kì í ṣe unit root. Kọ ìyẹn sínú prójẹ́ẹ̀tì ẹ, súpáfáísọ̀ á fẹ́ràn ẹ̀ ju histogram lọ.

Tó bá ní kó o fi φ = 1 wé e, má lo arima.sim, ó máa kọ̀ ọ́ ni, á ní kò stationary, ìyẹn ni pé variance ẹ̀ ò dúró sójú kan. cumsum(rnorm(200)), tó kàn ń ro nọ́ísì pọ̀ lọ, ti tó.