Ẹ má tíì gbé ráàkì yẹn sábẹ́ àtẹ̀gùn

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ọ̀gá yín ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ti fún yín ní yàrá kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn kí ẹ gbé ráàkì 24U (àpótí irin tí a ń to ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì sí, U ni òṣùwọ̀n gíga rẹ̀) sí, AC tuntun ti wà níbẹ̀, inverter ti wà, ẹ wá ń béèrè ohun tó kù. Ohun tó kù pọ̀ o. AC àti inverter yẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo to ráàkì fún ilé-iṣẹ́ kan lápá Dùgbẹ̀. Yàrá náà mọ́ tónítóní. A dí gbogbo ihò ojú fèrèsé kí eruku má bàa wọlé, AC ń fẹ́ bí ọyẹ́. A so switch àti router (àwọn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì) àti server kan (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo ọ́fíìsì) mọ́ inverter. A kò so AC mọ́ ọn, ta ló fẹ́ fi bátìrì gbé AC? A ní bí iná bá lọ, ọlọ́dẹ á tan jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ Sátidé kan iná lọ, ọlọ́dẹ náà ti lọ òde. Wọ́n pè mí nírọ̀lẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì ń já, ó ń padà, ó ń já. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ooru gbá mi lójú bíi pé mo ṣí àrò búrẹ́dì. Fáànù switch ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Inverter ò fi iṣẹ́ tirẹ̀ ṣeré rárá: ó ń gbé iná fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń tú ooru jáde, ooru ò sì rí ibi gbà, nítorí èmi fúnra mi ni mo dí ihò. Switch ńlá yẹn ò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo ra tẹmọ́mítà olówó pọ́ọ́kú kan. Mo ti ilẹ̀kùn, mo pa AC, mo jókòó síta. Láti 23°C ó dé 41°C kí wákàtí kan tó pé. Bẹ́ẹ̀ 18°C sí 27°C ni ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa AC, dámọ̀ràn fún atẹ́gùn tó ń wọnú ẹ̀rọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó ronú lórí bí AC ṣe tóbi tó, ẹ ronú lórí wákàtí tí kò ní sí AC. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń lu ihò méjì sí ògiri: ọ̀kan nísàlẹ̀, tí mo fi nẹ́ẹ̀tì àti fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, ọ̀kan lókè, tí fáànù tó ń fa ooru síta wà. Mo so fáànù yẹn mọ́ inverter, iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Bí iná bá wà, ẹ pa fáànù, ẹ bo ihò, kí AC máa ṣiṣẹ́. Fóòmù yẹn, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì-méjì nígbà ọyẹ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ eruku á dí i pa. Nẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ti bá òkú ọ̀kan nínú power supply (apá tó ń fún ẹ̀rọ níná) rí.

Ní ti AC fúnra rẹ̀, ìṣirò ò le: wáàtì kan jẹ́ BTU (òṣùwọ̀n ooru) 3.41 ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ tó bá ń jẹ 1,000 wáàtì ń tú nǹkan bíi BTU 3,400 jáde, AC 1 HP sì máa ń tó BTU 9,000. Ẹ fi oòrùn tó ń bá ògiri kún un, ó ṣì ń tó. Ẹ sáà má gbé AC sórí ráàkì gan-an. Omi rẹ̀ á kán lọ́jọ́ kan.

Ẹ fi bíi mítà kan sílẹ̀ níwájú ráàkì, ẹ má sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ògiri. Yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn kì í sábà gba èyí. Ẹ tún ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ fi sí ẹnu ihò ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dè é mọ́lẹ̀. Bó bá fà á, ibẹ̀ ló ń gbà mí èémí. Bó bá tì í, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Mo ti kọjú switch kan sẹ́yìn dè é rí, tó ń mí ooru tí router ń tú jáde símú.

Earth, ìyẹn wáyà àti ọ̀pá tó ń darí iná tó bá ṣìnà sínú ilẹ̀, ńkọ́? Ẹ má gba ìwọ̀n tí wọ́n bá wọ̀n nígbà òjò gbọ́. Ilẹ̀ tutù, yóò tàn yín. Mo wọn tèmi ní oṣù kẹsàn-án, ó jẹ́ ohm 4 (bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó), inú mi dùn. Nígbà tó di oṣù kejì, tí ilẹ̀ ti gbẹ kankan, ó ti di 13. Ọ̀pá bàbà mìíràn ni mo tún rì mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ so ilé kan mọ́ èkejì, fibre, okùn gíláàsì tí kì í gbé iná, ni kí ẹ lò. Wáyà bàbà tí mo nà láàárín ilé méjì ló gbé mànàmáná wọlé fún mi nígbà òjò àkọ́rọ̀, pọ́ọ̀tù (ihò tí a ń ki wáyà bọ̀) mẹ́jọ ló jóná lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ mẹ́nu ba páìpù omi tó gba òkè yàrá yẹn kọjá. Èyí nìkan tó kí n sọ pé rárá. Bí ilé náà bá sì sún mọ́ odò, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn nígbà omíyalé odò Ògùnpa ní 1980, tàbí ti oṣù kẹjọ 2011, kò nílò àlàyé.

Kí ẹ tó san owó kápẹ́ńtà, ẹ gbé ẹ̀rọ yín sínú yàrá yẹn bó ṣe wà, ẹ tàn án, ẹ pa AC, ẹ ti ilẹ̀kùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí tẹmọ́mítà bá kọjá 35°C, ẹ fi í han ọ̀gá yín, kí ẹ wá béèrè yàrá mìíràn.