Ṣé àáró ní kí a má ran ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́?

Òǹkàwé wa kan ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, béèrè ọ̀rọ̀ kan. Níbi ìpàdé ẹbí wọn, ẹ̀gbọ́n wọn kan ní owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń pín ń sọ àwọn ọ̀dọ́ di ọ̀lẹ. Ẹ̀gbọ́n ní láyé Lísàbí, akọni Ẹgbá, ẹni tí kò bá lọ sí àáró kì í rí ẹni bá a ro oko, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí títí dòní. Òǹkàwé wa fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí àáró wà fún nìyẹn.

Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò délé. Nínú àáró, àwọn ẹgbẹ́ á péjọ, wọ́n á ro oko lágbájá lónìí, wọ́n á ro ti tàmẹ̀dò lọ́la, títí yóò fi kárí. Gbèsè ni. Ẹni tí wọ́n bá ro tirẹ̀ tán tó wá ń sá, wọn ò ní yà sí oko rẹ̀ mọ́. Ọ̀wẹ̀, ìrànwọ́ mìíràn tó wà láyé ìgbà náà, ní tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń kọ́lé, tàbí tí iṣẹ́ oko wọ̀ lọ́rùn, ló ń bẹ ọ̀wẹ̀. Oúnjẹ àti ẹmu ló fi ń gba àwọn tó bá wá lálejò, kò sì sẹ́ni tó ń ka ọjọ́ sí i lọ́rùn.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n fò dá ni pé kí àáró tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú ti ní oko. Ilẹ̀ ẹbí wà. Ọmọkùnrin tó bá ti dàgbà, wọ́n á fi ibi tí yóò máa ro hàn án, bàbá rẹ̀ á sì fi ọkọ́ àti àdá lé e lọ́wọ́. Ẹni tó gba gbogbo èyí, tí ara rẹ̀ sì le, tó wá jókòó sílé, òun gan-an ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ.

Lísàbí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn àgbà Ẹgbá sọ fún wa pé inú ẹgbẹ́ àáró ló ti kó àwọn àgbẹ̀ jọ, kí wọ́n tó di Olórógun, ẹgbẹ́ ajagun, kí wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ tó ń jọba lé wọn lórí. Nígbà tí àáró kan Lísàbí, kò ní kí wọ́n wá ro oko òun. Ìyà tó ń jẹ gbogbo wọn ló ní kí wọ́n bá òun gbé kúrò. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ó máa fi orúkọ rẹ̀ lé aláìní sẹ́yìn.

Láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ létí títì, ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ọkọ̀ bíríkìlà kan dúró, gbogbo wọn sáré lọ bá a, méjì ló mú. Àwọn yòókù padà síbi tí wọ́n dúró sí. Tó bá di ọ̀sán, ẹni tó ń kọjá á ní, "Ẹ ò rí àwọn ọ̀lẹ yìí!" Ìjọba pàápàá ti rí ọ̀nà tí kò fi ní kà wọ́n. Ní ìparí 2020, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún Nàìjíríà, ní aláìníṣẹ́ jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2023 wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka aláìníṣẹ́ padà, ó sì wálẹ̀ sí 4.1, torí ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti di oníṣẹ́. Ẹni tó bá ru yanrìn fún wákàtí kan lọ́jọ́ Ajé, tí kò tún rí nǹkan kan ṣe títí di ọjọ́ Àìkú, oníṣẹ́ ni nínú ìwé.

Ẹ dé Ìtòkú, ọjà adìrẹ l'Abẹ́òkúta, náà. Obìnrin tó mọ adìrẹ ṣe dáadáa wà níbẹ̀, tí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà ń gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣé ọ̀lẹ lòun náà?

Ní ti owó ìrànwọ́ ìjọba ọ̀hún, N-Power, ètò ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, fún àwọn tó jáde ilé-ìwé gíga ní ₦30,000 lóṣù, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé, wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn fún un. Àáró gan-an nìyẹn. Ní 2023, ìjọba kéde ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta, fún mílíọ̀nù 15 agbo ilé. Nígbà tó di January 2024, wọ́n dá àwọn ètò náà dúró nítorí ìwádìí owó. Ọ̀lẹ wo ni owó oṣù mẹ́ta fẹ́ bọ́? Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sì ní ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdámẹ́rin nínú owó tó ti fi pamọ́. Owó ara rẹ̀ ló ń ná yẹn. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ rí kò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n níbì kan: orúkọ àwọn tó ń gba owó gbọ́dọ̀ mọ́, kí ó má jẹ́ ọmọ olóṣèlú nìkan ni yóò máa rí i gbà. Ìbínú lórí ìyẹn tọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó ń wáṣẹ́ ló yẹ kí a bínú sí.

Ohun tó jọ àáró jù láàárín wa báyìí ni àjọ owó tí à ń dá, lọ́jà Kútọ̀, lọ́jà Láfẹ́nwá, níbi gbogbo. Ẹni tí owó kò wọlé fún kò lè dá àjọ, ẹbí ló kù fún un. Kí ẹ̀gbọ́n yín tó tún dárúkọ àáró ní ìpàdé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bi ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ nínú ẹbí yín léèrè ohun tó ń wá: ilẹ̀ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ ni, tàbí owó ọkọ̀ tí yóò fi lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ l'Ékòó.