Ṣé búrọ́ọ̀ṣì tó láti fi kun ilẹ̀ inú mọ́tò àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Volkswagen ìjàpá kan ni mò ń tún ṣe. Mo ti tú àga, mo ti ká kápẹ́ẹ̀tì, mo sì ti họ gbogbo ọ̀dà dúdú tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ẹ̀ kúrò. Irin ẹ̀ ṣì le lójú mi ṣùgbọ́n ó ti dógùn-ún káàkiri. Mi ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín pẹ́ńtì, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń sọ pé tí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, mo ti ba mọ́tò náà jẹ́ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má dá wọn lóhùn. Ilẹ̀ tí kápẹ́ẹ̀tì máa bò, tí àga máa jókòó lé, búrọ́ọ̀ṣì gan-an ló yẹ ẹ́, kódà ká ní ẹ ní ẹ̀rọ nílé, búrọ́ọ̀ṣì ni màá ní kí ẹ mú fún ibẹ̀. Irin tó ti dógùn-ún rí kì í jọ̀lọ̀ mọ́, ihò wẹ́wẹ́ máa ń kún ojú ẹ̀, tí ẹ bá fín pẹ́ńtì sí i, ó lè kàn bà lé orí àwọn ihò yẹn kó má wọlé, ṣùgbọ́n irun búrọ́ọ̀ṣì máa ń ti pẹ́ńtì wọnú wọn ni. Bákan náà ni ibi tí irin méjì ti gun ara wọn, níbi tí omi máa ń sá pamọ́ sí.

Pẹ́ńtì kọ́ ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀ sá. Ẹ mú sukuduráífà, kí ẹ máa fi gún ilẹ̀ yẹn káàkiri, pàápàá abẹ́ àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, torí ibẹ̀ ni bátìrì ìjàpá máa ń wà, áṣíìdì tó ń jò lára ẹ̀ sì ti jẹ ilẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tó bá wọlé, tàbí irin yẹn ń tẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín, pẹ́ńtì kankan ò lè gbà á là, ẹ gé e kí wọ́n jó irin tuntun sí i. Tó bá ṣì le, ẹ po békìn sódà mọ́ omi kí ẹ dà á síbẹ̀, ó máa hó, tó bá ti dákẹ́ tí kò hó mọ́ kí ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà 80 títí irin á fi funfun. Ẹ wọ ìbòmú o, òjé máa ń wà nínú pẹ́ńtì àtijọ́, tó bá sì ṣẹ́ ku pẹ́ńtì àtijọ́ nílẹ̀, ẹ fi omi sí sáńpépà yín kí eruku ẹ̀ má baà fò. Ẹ wá fi ohun tó ń fọ gíríìsì nù ún, kí ẹ máa pààrọ̀ aṣọ títí aṣọ funfun á fi máa jáde ní funfun, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́.

Práímà epoxy alágolo méjì ni màá mú, ìyẹn pẹ́ńtì ìsàlẹ̀ tí wọ́n máa ń po ohun inú agolo méjèèjì ẹ̀ pọ̀ kó tó le. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo ni kí ẹ ṣe pò ó, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n, díẹ̀díẹ̀ sì ni kí ẹ máa pò torí tó bá ti pàdé ara ẹ̀ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí le nìyẹn. Etí, ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀, àti àyíká ihò bóòtù ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn kí ẹ tó wá kun ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Kó fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sàn ju kó nípọn lẹ́ẹ̀kan lọ. Èyí tó nípọn, òkè ẹ̀ á gbẹ, inú ẹ̀ á ṣì tutù, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ máa rí i pé ó ń tẹ̀. Agolo náà máa sọ àkókò tí ẹ gbọ́dọ̀ kun ìkejì, tó bá ti kọjá, ẹ fi sáńpépà ha ojú ẹ̀ kó lè dì mọ́ra. Ẹ má kùn ún nígbà tí irin bá ń làágùn.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé: nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò yín wà lára irin tó yọ sókè láàárín ilẹ̀ yẹn, lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí pẹ́ńtì dí i o, ẹ fi téèpù bò ó tàbí kí ẹ kun ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kó ṣì ṣe é kà. Ẹ fi bóòtù àtijọ́ dí àwọn ihò tó ní ìlà kí pẹ́ńtì má dí wọn, kí ẹ sì fi téèpù bo ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ti kan irin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná mọ́tò á máa ṣe ségesège.

Ìbéèrè: Mo ní oògùn ìpẹtà tí èèyàn máa fi kun irin tó máa di dúdú. Ṣé mo lè kan fi ìyẹn kùn ún kí n kun epoxy lé e?

Ìdáhùn: Oògùn yẹn dáa níbi tí ìpẹtà bá fẹ́lẹ́ tó sì lẹ̀ pinpin, ibi tí ọwọ́ ò lè dé. Áṣíìdì ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ epoxy ò sì fẹ́ áṣíìdì lábẹ́ wọn rárá, wọ́n á bó kúrò lórí ẹ̀. Ẹ ka agolo méjèèjì. Ilẹ̀ tí ẹ ti tú sílẹ̀ gbayawu báyìí, tọ́wọ́ ń dé gbogbo ẹ̀, mi ò rí ìdí tí ẹ ò fi ní họ ọ́ dé irin funfun.

Ìbéèrè: Irú búrọ́ọ̀ṣì wo? Ìlà irun ẹ̀ máa ń hàn.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó hàn, kápẹ́ẹ̀tì ló máa bò ó. Onírun ẹlẹ́dẹ̀ ni kí ẹ rà, tíńnà máa yọ́ ti fóòmù. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ fà á kí irun tó fẹ́ já já kí ẹ tó tì í bọ pẹ́ńtì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá ní práímà yẹn ní àwọ̀ méjì, ẹ fi ọ̀kan kun ti àkọ́kọ́, kí ẹ fi èkejì kun ti ẹ̀ẹ̀kejì, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá fò máa hàn kedere sí yín.