Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ràn ọmọdé

Àbúrò mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Òkè-Báálẹ̀, níbí ní Òṣogbo, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O kàwé gboyè nínú ẹ̀kọ́ ọmọdé, ó ń wù ọ́ láti bá àjọ ọmọdé àgbáyé bíi UNICEF tàbí Save the Children ṣiṣẹ́, o ń rò ó bóyá kí o kọ́kọ́ lọ ṣe másítà nílẹ̀ òyìnbó, ọkùnrin kan ní Ọláìyá sì ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ pé òun lẹ́ni níbẹ̀.

Ká kọ́kọ́ palẹ̀ ọkùnrin Ọláìyá yẹn mọ́. Kọ́bọ̀ rẹ kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. UNICEF máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìpolówó iṣẹ́ wọn pé àwọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, látorí ìforúkọsílẹ̀ títí dórí ìgbàsíṣẹ́. Bó bá lẹ́ni níbẹ̀ lóòótọ́, kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà ní Ọláìyá?

O kọ ọ́ pé o fẹ́ràn ọmọdé dénúdénú. Mo gbà ọ́ gbọ́. Àmọ́ gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé síbẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó yà sí i. Ohun tí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ta ló lè ka iye ọmọ tó gba àjẹsára ní wọ́ọ̀dù kan tí irọ́ kò ní sí nínú rẹ̀? Ta ló lè gbé abẹ́rẹ́ tó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù láti Òṣogbo dé Ìlá tí kò ní bàjẹ́? Ta ló lè ṣírò owó kí àwọn tó fowó sílẹ̀ má rí àléébù kankan? Ẹ̀ka UNICEF tó ń rajà tó sì ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, Copenhagen nílẹ̀ Denmark ló wà, ẹni tó ń to àpótí oògùn níbẹ̀ lè má fojú kan ọmọ ọwọ́ kankan lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń gbé ọmọ lọ́wọ́ gan-an ni nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀, olùkọ́ bíi tìrẹ, àti àwọn àjọ kéékèèké tí àwọn ńláńlá ń gbé iṣẹ́ fún. SOS Children's Villages, tó bẹ̀rẹ̀ ní Imst nílẹ̀ Austria ní 1949, yàtọ̀ díẹ̀: wọ́n ń gba obìnrin tó máa bá àwọn ọmọ gbé inú ilé kan náà bí ìyá. Wọ́n wà ní Ìsọlọ̀, wọ́n wà ní Òwu-Ìjẹ̀bú. Bó bá jẹ́ ọmọ gan-an lo fẹ́ wà pẹ̀lú, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.

Èmi, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé. Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo lọ bá àjọ kékeré kan nílùú wa níbí, yàrá kan àti pálọ̀ ni ọ́fíìsì wọn, lẹ́bàá Ìgbọ̀nà, owó oṣù a sì máa wọ inú oṣù tó tẹ̀ lé e. Nígbà ọ̀sẹ̀ ìlera ìyá àti ọmọ, a máa ń bá ìjọba pín fítámì A àti oògùn aràn. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ gbé ọmọ kí wọ́n ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀. Mo gbà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé iye ọmọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún wọ́ọ̀dù kan lè ju iye ọmọ tó ń gbé ibẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì fọhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í padà sáwọn ilé náà, mo ń bi àwọn ìyá, mo ń tún un kọ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa kò fẹ́ràn mi nítorí rẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi, oòrùn Òṣogbo kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo wá jókòó síwájú àwọn tó ń gbani sí iṣẹ́ kan ní Maiduguri, ọdún 1946 tí wọ́n dá UNICEF sílẹ̀ tí mo ti há sórí kò wúlò. Okùn tí a fi ń wọn apá ọmọ ni wọ́n béèrè. Apá òkè ọmọ oṣù mẹ́fà sí ẹni tí kò tíì pé ọdún márùn-ún la fi ń wọ̀n. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, àwọ̀ pupa ara okùn náà ni, àìjẹunrekánú tó le nìyẹn. Láti 11.5 títí dé ẹ̀bá 12.5, yẹ́lò. Láti 12.5 sókè, àwọ̀ ewé. Wọ́n ní: àwọn tó ń wọn ọmọ mú àbọ̀ wá pé pupa kankan kò sí nínú odindi àgọ́ ogunléndé kan, ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọ rí, kí lo sì ṣe? Mo sọ ti wọ́ọ̀dù Òṣogbo fún wọn, bí mo ṣe ń ṣa ilé díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ti kọ, tí mo ń padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Akọ̀wé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti ń bọ́ sí i.

Ní ti ipò ní UNICEF, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní G (iṣẹ́ ìrànwọ́ ọ́fíìsì) àti NO (òṣìṣẹ́ àgbà tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè), inú orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n ti ń gbani sí i, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. P, iṣẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ni ti àgbáyé, orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n sì sábà máa ń gbé ẹni náà lọ. P-2 ń béèrè ìrírí ọdún méjì ó kéré tán, P-3 ọdún márùn-ún. Wo UN Volunteers pẹ̀lú, ètò olùyọ̀ǹda ara ẹni ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Wọ́n máa ń fún olùyọ̀ǹda lówó àtijẹ oṣooṣù, wọ́n sì ní ààyè tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà nìkan. Bí o bá lè kọ́ Faransé, kọ́ ọ: Dakar nílẹ̀ Senegal ni ọ́fíìsì UNICEF tó ń bójú tó Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà wà, èdè yẹn ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè abẹ́ rẹ̀ sì ń sọ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ayérayé o. Ní oṣù kìíní 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró, nígbà tó fi di oṣù keje USAID, àjọ ìrànwọ́ wọn, ti kógbá sílé. Àwa tí owó yẹn ń san owó oṣù wa, lẹ́tà ni a rí. Mo padà sílé, ìmọ̀ ìṣirò àkọsílẹ̀ yẹn náà ni mo fi ń jẹun báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí o ní iṣẹ́ tó dá dúró lọ́wọ́.

Tìrẹ wá ńkọ́? Má fi kíláàsì rẹ sílẹ̀. Kọ iye ọmọ tó wọlé sí i, iye tó ń mọ lẹ́tà nígbà tí wọ́n fi lọ, ohun tí o yí padà. Kọ́ Excel, kọ́ KoboToolbox tí wọ́n fi ń gba àkọsílẹ̀ lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ orí ìkànnì Kaya àti DisasterReady àti Agora ti UNICEF. Yọ fọ́tò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kúrò lórí Facebook, àfi bí òbí wọn bá ti gbà, nítorí ààbò ọmọdé ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó wo ohunkóhun. Wọ́n lè béèrè ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, wọ́n á sì bi ọ̀gá tí o bá ṣiṣẹ́ rí bóyá o ti ṣe ọmọ níjàǹbá. Má bínú sí i.

Ní ti másítà, iṣẹ́ P máa ń béèrè rẹ̀, àmọ́ dìgírì tí o ní yẹn tó fún NO tó kéré jù. Wọlé ná. Bó bá wá yá, UNIOSUN wà níbí, Ifẹ̀ kò sì jìnnà.