Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi: Eré Tí A Ń Rìn Wò Láàrin Ahoro Ìlú

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ eléré wa fẹ́ ṣe eré kan ní Pompeii, ahoro ìlú Róòmù àtijọ́ kan nílẹ̀ Ítálì, tí òǹwòran yóò máa bá wa rìn láti ojúlé dé ojúlé. A ti kọ ọ́ tán, wákàtí méjì ni: òkè ayọnáyèéfín ń bú, èèyàn ń sá, a tilẹ̀ fẹ́ lo ẹ̀rọ tó ń rú èéfín. Ọ̀kan nínú wa ní kò ní dùn. Kí lẹ rí sí i?*

Ẹ má bínú o, ẹni yẹn ló sọ òótọ́. Òkè Vesuvius, òkè ayọnáyèéfín tó bú yẹn, kò kúrò níbẹ̀, ẹni tó bá gbójú sókè ń rí i. Ìlú tí eérú bò mọ́lẹ̀ lọ́dún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi lẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀. Kí lẹ tún ń fi èéfín ẹ̀rọ ta àwọn èèyàn lójú sí? Ohun tí ojú ò lè rí mọ́ ni kí ẹ wá fún wọn, inú ìwé ló sì wà.

Lẹ́tà méjì ni Pliny Kékeré, òǹkọ̀wé ará Róòmù, kọ sí Tacitus òpìtàn nípa ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí òkè bú, Misenum, ìlú kan lódìkejì omi, ló wà. Arákùnrin ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ gba àwọn èèyàn là, Stabiae, ìlú etíkun kan nítòsí Pompeii, ló sì kú sí. Pliny ní nígbà tí òkúta ń já bọ́ lójú ọ̀run, ìrọ̀rí làwọn èèyàn gbé lérí, wọ́n wá fi aṣọ dì í mọ́ orí. Ìrọ̀rí! Ẹ fún òṣèré kan ní ìrọ̀rí àti aṣọ, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, kó máa dì í díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ka lẹ́tà yẹn. Kó má pariwo, kó má sunkún. (Stabiae lọ̀rọ̀ ìrọ̀rí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe Pompeii. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún òǹwòran.) Pliny fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìwé Livy, òpìtàn Róòmù, ló gbé síwájú tó ń kà nígbà tí ilẹ̀ ń mì, títí ọ̀rẹ́ ẹbí wọn kan fi wá bá a wí. Ìyẹn náà tó ìran kan.

Ẹ má wá sọ gbogbo rẹ̀ di ẹkún. Ẹ̀fẹ̀ pọ̀ lára ògiri Pompeii, nǹkan ṣóńṣó làwọn ará ìlú fi ń họ ọ̀rọ̀ sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ Aeneid, ewì gígùn nípa akọni Aeneas tí Virgil, akéwì Róòmù, kọ, níbi tó ti ní ohun ìjà àti akọni lòun ń kọrin, wà lára ògiri lọ́pọ̀ ibi. Ní Via dell'Abbondanza, òpópó kan ní Pompeii, wọ́n ya Aeneas síwájú ilé kan, ó gbé bàbá rẹ̀ léjìká. Aláwàdà kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn alágbàfọ̀ àti òwìwí ni òun ń kọrin ní tòun, kì í ṣe ohun ìjà àti akọni. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ dúró. Kí ọ̀kan ki Virgil bí ẹni ń ki ọba, kí èkejì já lu ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu láti ẹ̀yìn èrò. Ẹ̀rín tí wọ́n máa rín níbẹ̀, n ò lè fi gbogbo ariwo òkè yín rọ́pò rẹ̀.

Wákàtí méjì kọ́ o. Òòrùn ń bẹ, ẹsẹ̀ ń ro èèyàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìran kan, kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ibẹ̀ kí ẹ tó yan ojúlé kankan.

*Ṣé ká lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn? Ẹ̀rù ń bà wá pé ohùn ò ní dé ẹ̀yìn.*

Rárá. Ní Epidaurus, nílẹ̀ Gíríìsì, àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn eré ibẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi kò ní ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń jókòó síbẹ̀. Òótọ́ ni pé òpópó kì í ṣe gbọ̀ngàn. Kí òṣèré kẹ́yìn sí ògiri (kó má fara tì í o, ògiri ọjọ́ pípẹ́ ni), kó má sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń dún, kí ẹ má sì kó ju ọgbọ̀n èèyàn lọ lẹ́ẹ̀kan.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Èmi ò ní ẹgbẹ́. Ṣé ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe irú ìrìn yìí?*

Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe dáadáa. Ọ̀nà Appia, òpópó Róòmù àtijọ́, ni kó o lọ, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 312 ṣáájú ìbí Kristi, tó wọ ìwé àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO lọ́dún 2024. Horace, akéwì Róòmù àtijọ́, kọ ewì kan nípa ìrìn àjò tó gba ọ̀nà yẹn, láti Róòmù lọ sí Brindisi; ìkarùn-ún nínú ìwé Satires rẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Akéwì ńlá, àròyé ló ń ṣe: ẹ̀fọn àti ọ̀pọ̀lọ́ ò jẹ́ kó sùn, atukọ̀ tó gbé wọn lójú omi mutí yó, ó ń kọrin olólùfẹ́ rẹ̀. Kà á sókè bó o ṣe ń rìn, ọ̀rẹ́ kan tó ń tẹ̀ lé ọ ti tó òǹwòran. Tó o bá dé ibi tó ti ní omi Forum Appii, ibùsọ̀ kan lójú ọ̀nà náà, burú débi pé òun ò jẹun alẹ́, dúró, kó o ṣí ike omi tìrẹ, kó o mu ún lójú ọ̀rẹ́ rẹ kó o tó ka ìlà tó kàn.