VPN kì í ṣe àfẹ́ẹ̀rí o

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń tún fóònù ṣe n'Íkẹ́rẹ́ ní ìjọba ti ń darí dátà wa gba ọ̀dọ̀ àwọn agbófinró kó tó dé Google. Ó gba 3,000 náírà, ó fi áàpù ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní VPN sí fóònù mi, ó ní kò sẹ́ni tó lè rí mi mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, lọ gba owó ẹ ná. Nǹkan ọ̀fẹ́ ló tà fún ẹ.

Pé wọ́n lè darí dátà gba ibòmíì, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ló máa ń kéde fáwọn tó kù pé "ọ̀dọ̀ mi lẹ lè gbà dé ibi báyìí", BGP là ń pè é, wọ́n á sì gbà á gbọ́, bí ìgbà tẹ́nì kan dúró ní gáréèjì Adó tó ń pariwo pé kí mọ́tò Àkúrẹ́ yà gba Ìlawẹ̀, tí dẹrẹ́bà kankan ò bi í pé ta ló rán an. Ní November 2018, MainOne, ilé iṣẹ́ ìńtánẹ́ẹ̀tì kan l'Ékòó, ṣe irú àṣìṣe yẹn, ni dátà tó ń lọ sí Google bá gba ọ̀dọ̀ China Telecom, ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Ṣáínà, kọjá fún wákàtí kan ó lé. Àṣìṣe ni o, agbófinró ò sí níbẹ̀.

Àmọ́ ìjọba tó bá ń wá ẹ ò nílò gbogbo wàhálà yẹn. Òfin Cybercrimes 2015 ti ní káwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta SIM tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ fún ọdún 2, NIN ẹ sì ti wà lára SIM.

Ibi tí inú ti wá ń bí mi ni VPN yìí. Kí ni iṣẹ́ ẹ̀? Ó máa di dátà ẹ, á gbé e gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín kọjá. Ilé iṣẹ́ SIM ẹ ò ní rí ibi tó ò ń lọ mọ́, ẹni yẹn láá máa rí i. Ìdarí dátà tó o ní ò ń sá fún náà nìyẹn, owó ẹ lo fi rà á! Ta sì ni ẹni náà? Ẹni tó gbé e sí fóònù ẹ gan-an ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń dáàbò bo ẹ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa, sáìtì báńkì tó ní https níbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì ẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Bóyá Ìkẹ́rẹ́ ni mọ́tò gbà o, bóyá Ìlawẹ̀ ni, ẹni tó dúró lójú ọ̀nà á rí i, á mọ ibi tó ń lọ, àmọ́ kò ní rí ẹrù inú búùtù.

Mi ò ní VPN ò dáa o, àwa náà ń lò ó níbi iṣẹ́, àmọ́ a mọ ẹni tó ni ín. Tó bá sì jẹ́ ẹjọ́ lo ní, lóyà ni kó o bi, má fi tèmi ṣe.

Wo òkè fóònù ẹ, tó o bá rí kọ́kọ́rọ́ kékeré, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Yọ ọ́. Tó bá ti gba àyè láti máa ka SMS ẹ, pààrọ̀ PIN báńkì kílẹ̀ tó ṣú.