Ìyá Ìbejì, ẹ ṣọ́ra fún òjò alárá

Ẹ kú ìnira o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní láti ìparí oṣù karùn-ún lẹ ti ń sín ní Manchester, tí ojú ń yún yín, hay fever nìyẹn, àìsàn tí lẹ́búlẹ́bú koríko ń fà; ẹ wá ń béèrè bóyá ojoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa lo oògùn rẹ̀ tó ń jẹ́ cetirizine àbí ìgbà tó bá yọ yín lẹ́nu nìkan. Ojoojúmọ́ ni, títí oṣù keje á fi parí, torí àsìkò tí koríko ń tú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ nìyẹn. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń fín símú mọ́ ọn. Oníkẹ́míìsì á sọ ìyókù.

Ti òjò alárá gan-an ló jẹ mí lógún. Ooru mú lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò alárá ń bọ̀, a ṣí wíńdò sílẹ̀. Bí atẹ́gùn òjò ṣe fẹ́ wọlé báyìí ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́, àyà mi fún pinpin, ọ̀fun mi ń dún fín-ín fín-ín, mi ò lè pe orúkọ ọkọ mi tán lẹ́ẹ̀kan. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo fọwọ́ méjèèjì di pákó rẹ̀ mú, gbogbo èjìká ni mo fi ń fa èémí, díẹ̀ náà ló ń wọlé. Ẹ̀rù ọkọ mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ètè mi ti ń ṣú. Bẹ́ẹ̀ mi ò ní ikọ́ fée rí láyé mi, hay fever lásán ni! Mo sì ti sọ fún GP, dókítà àdúgbò wa, ṣáájú pé àyà mi ń dún lóru. Ó ní ọ̀fìnkìn ni, kí n lọ lo paracetamol. Kò tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ lé mi láyà. Inú ṣì ń bí mi di òní.

Lẹ́búlẹ́bú koríko tóbi ju ohun tó lè dé ẹ̀dọ̀fóró lọ, imú ló ń dá a dúró. Àmọ́ tí ìjì bá gbé e lọ sínú kùrukùru, omi á wọ̀ ọ́, á bẹ́ sí wẹ́wẹ́, atẹ́gùn á dà á padà sílẹ̀. Wẹ́wẹ́ yẹn ló ń wọlé lọ. Ní Melbourne, ní oṣù kọkànlá 2016, èèyàn 10 ló kú nínú irú òjò alárá bẹ́ẹ̀. Ní London níbí, ní oṣù kẹfà 1994, èèyàn tó lé ní 600 ni irú òjò náà lé lọ sílé ìwòsàn, hay fever sì ni ọ̀pọ̀ wọn ní.

Ẹ má ra oyin tí wọ́n ń polówó fún hay fever o. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ni kòkòrò oyin ń kó, atẹ́gùn ló ń gbé ti koríko. Piriton, oògùn hay fever mìíràn, náà ń kun èèyàn lóorun, ẹ má lò ó wakọ̀.

Tí àrá bá ń sán lásìkò yìí, ẹ ti wíńdò, ẹ jókòó sílé. Tí èémí ò bá já gaara, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ẹ má dúró de GP kankan. Ẹ ò sọ fún wa o: ṣé àyà yín máa ń dún lóru?